Ìwé Tí A Kọ Nítorí Ọ̀nà Ìyá Àgbà

Onílé ọmọ mi ní Kútọnu ti kìlọ̀ fún gbogbo àwọn tó ń gbé ilé rẹ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fẹ́ kọ lórí owó ilé, kí onítọ̀hún tètè máa wá ilé mìíràn. Ojú àgbàlá ló ti sọ ọ́ láàárọ̀, kí àwọn èèyàn tó jáde lọ síbi iṣẹ́, ó sì tún un sọ kí ẹnikẹ́ni má bàa ní òun ò gbọ́. Ọmọ mi pè mí, ó bi mí bóyá kí òun fọwọ́ sí i. Èmi tí mo máa ń pè é tí òjò bá ṣú láti bèèrè bóyá ó ti ká aṣọ wọlé, èmi tí mo ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ gun alùpùpù ẹni tí kò bá dé akoto, ẹ̀yin náà lè mọ ohun tí mo kọ́kọ́ sọ. Mo ní kó má fọwọ́ sí nǹkan kan, kó tilẹ̀kùn, kó dákẹ́. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ara mi kò balẹ̀, nítorí ohun tí mo sọ fún un kì í ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo mọ ọdún kan ní Àjàṣẹ́ tí àwọn òbí mi kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìṣojú mi ló ṣe. N óò sọ ọ́ bí mo ṣe rí i, ibi tí n kò bá sì sí níbẹ̀, n óò sọ pé wọ́n sọ fún mi ni.

Inú àgbàlá kan tí kò jìnnà sí ọ̀sà la ń gbé, níbi tí atẹ́gùn ti máa ń gbé òórùn ẹja wọlé kí ẹlẹ́ja fúnra rẹ̀ tó dé. Bàbá Alájì, onílé wa, ń gbé inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí títì, èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe òdòdó sí orí fèrèsé rẹ̀. Oníṣòwò aṣọ ni, àgbàlagbà tó ga, tí kì í yára sọ̀rọ̀, tí kì í sì í tún ọ̀rọ̀ sọ. Àwa ayálégbé wà lẹ́yìn, nínú àwọn yàrá tí wọ́n kọ́ yí àgbàlá ká. Tiwa wà lọ́wọ́ òsì: bàbá mi tó jẹ́ akọ̀wé ní ilé ìfìwéránṣẹ́, màámi tó ń ṣe ẹ̀kọ tà, Ìyá Àgbà tó bí bàbá mi, àti èmi. Ìyá Sẹ́nà, obìnrin Ègùn tó ń yan ẹja tà, wà lọ́wọ́ ọ̀tún pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Aránṣọ kan tó máa ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà wà ní yàrá tó sún mọ́ kànga. Láàárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni ọwọ̀, lẹ́yìn náà okùn kànga tó máa ń han bí ewúrẹ́ tí wọ́n so, lẹ́yìn náà ọmọrogùn màámi nínú ìkòkò ẹ̀kọ. Iṣẹ́ tèmi ni láti nu ewé tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ náà. Tí mo bá nu ún tán, màámi á bu ẹ̀kọ gbígbóná fún mi, Ìyá Sẹ́nà á sì ju orí ẹja kan sí i láti ọ̀ọ́kán, á ní kí n jẹ ẹ́ kí n lè mọ̀wé ju bàbá mi lọ.

Ojú Ìyá Àgbà ti fọ́ kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n àlejò tó bá kọ́kọ́ wọ àgbàlá wa kì í tètè mọ̀. Yóò jáde ní yàrá, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri títí ògiri náà yóò fi tán, yóò wá kọjú sí ibi tí okùn kànga ti ń han, yóò sì máa lọ tààrà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ó ń fa omi ìwẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń gbá abẹ́ igi máńgòrò, ó sì ń mọ̀ tí ewé kan ṣoṣo bá ṣẹ́kù, nítorí ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn. Èéfín ẹja Ìyá Sẹ́nà ló fi ń mọ ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ ra ọ̀pá fún un, ó ní kó fi owó rẹ̀ ra ẹran. “Ilé yìí ti mọ̀ mí,” ni ó máa ń sọ. Nísinsìnyí tí èmi náà ti ń wá iná kí n tó lè dìde láti orí ibùsùn, mo ń ronú sí ìgbọ́kànlé tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Bí wọ́n bá mú un kúrò nínú àgbàlá náà lọ sí àgbàlá mìíràn, ìjókòó lórí àpótí ló kù fún un, kó máa retí ẹni tí yóò fa òun lọ́wọ́ lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Gbogbo wa nínú ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́ jáde.

Ọdún yẹn ni ayé yí padà lójú àwa ọmọdé. Àwọn ológun ti gba ìjọba, rédíò kò sì sinmi mọ́. Ní ilé ìwé, wọ́n kọ́ wa ní orin tuntun, a ń tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ títí eruku fi ń dé ojú fèrèsé, mo sì ń pariwo orin náà dé ilé bí ẹni pé èmi ni wọ́n fi ìlú lé lọ́wọ́. Wọ́n ní kò sí mùsíọ̀ kò sí màdáàmù mọ́, kámárádì ni gbogbo wa. Ìyá Sẹ́nà ló fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí jù. Tí ọkọ rẹ̀ bá pẹ́ kó tó fún un lówó ọbẹ̀, á dúró sí ẹnu ọ̀nà, á fi ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí, á ní, “Kámárádì, ìkòkò rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá o ti kọ òun sílẹ̀.” Gbogbo àgbàlá á rẹ́rìn-ín, ọkọ rẹ̀ náà á rẹ́rìn-ín, owó á sì jáde. Rédíò náà ló sọ pé onílé kan kò gbọdọ̀ fowó kún owó ilé bó ṣe wù ú mọ́, pé ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn lè kọ̀wé sí kọ̀míté àdúgbò. Bàbá mi sáré yí ohùn rédíò náà sílẹ̀, kí Bàbá Alájì má bàa rò pé àwa la ní kí wọ́n sọ ọ́.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Bàbá Alájì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọjà láti Kraké lẹ́nu ibodè, ọjà tó pọ̀ ju èyí tí ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ lè gbà. Ó nílò ibi ìkẹ́rùsí, ojú rẹ̀ sì wà lára àwọn yàrá wa. Kò lé wa. Ó fowó kún owó ilé, ó sì fi kún un débi tí aránṣọ fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tó gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ó kó bíríkì sí àárín àgbàlá, birikìlà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri láti ẹ̀gbẹ́ igi máńgòrò lọ sí ìhà kànga, kí ó lè ya apá tí yóò fi ṣe ibi ìkẹ́rùsí sọ́tọ̀. Kò sí ẹni tó ronú láti sọ fún Ìyá Àgbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí kò sí ẹni tó ń sọ fún un nípa ibi tí nǹkan wà. Òun ló máa ń sọ fún wa. Mo ń nu ewé lọ́wọ́ nígbà tó jáde pẹ̀lú korobá rẹ̀. Ó kọjú sí ìró okùn kànga, ó ń lọ pẹ̀lú ìyára rẹ̀. Mo rí i, mo la ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbá ògiri náà, ó sì ṣubú lé e lórí. Kò sunkún. Ó jókòó sórí iyanrìn, ó ń fọwọ́ wá etí bíríkì náà, láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tó parí sí, ó sì ń bi birikìlà pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Ọmọ mi, ibo lo ń bá a lọ?” Birikìlà fi irin tó fi ń mọlé sílẹ̀, ó sì bá a gbé korobá rẹ̀ nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà kò lọ sí kànga mọ́. Ó ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, màámi ń gbé omi fún un, ó sì ń dúpẹ́ bí àlejò.

Ọpẹ́ yẹn ni bàbá mi kò lè fara dà. Ó jẹ́ ẹni tó máa ń bẹ̀rù, mo sì jọ ọ́. Tó bá fẹ́ sọdá títì, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á tún wo ọ̀tún. Síbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, ó pe àwọn ará àgbàlá sínú yàrá wa, ó sì mú bébà jáde. Inú mi dùn débi pé n kò lè jókòó. Mo rò pé ogun la fẹ́ jà. Ìyá Sẹ́nà náà rò bẹ́ẹ̀, nítorí ó ní kí bàbá mi kọ́kọ́ kọ ọ́ pé ọ̀kánjúwà ni onílé wa, pé ikùn rẹ̀ tóbi ju ilé rẹ̀ lọ. Bàbá mi ní òun kò tíì wọn ikùn rẹ̀ wò, òun kò sì ní kọ ohun tí òun kò mọ̀. Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ní nígbà tí ọkọ òun kú, Bàbá Alájì wà lára àwọn tó gbé pósí náà dé itẹ́ òkú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀sìn wọn kò pa pọ̀, nítorí náà kí wọ́n má fi èébú kankan sínú ìwé náà. Wọ́n kọ pé ó fowó kún owó ilé. Wọ́n kọ ibi tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dojú kọ. Wọ́n kọ pé obìnrin kan tí kò ríran ló ń gba ibẹ̀ lọ sí kànga. Bàbá mi ń kà á ní Faransé, ó ń tú u sí Yorùbá, Ìyá Sẹ́nà ń tú u sí Ègùn fún ọkọ rẹ̀, ó sì ń fi ikùn náà kún un lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó kan ìfọwọ́sí, bàbá mi ní ẹni tó ń san owó ilé nìkan ni kó fọwọ́ sí i.

“Ṣé ẹni tó ń san owó ni ògiri gbá lórúnkún?” Ìyá Àgbà bèèrè.

Bàbá mi gbé tàdáwà àti ìwé náà lọ bá a ní ẹnu ọ̀nà, ó sì di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí i.

Ohun tí kò yé mi nígbà náà ni pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ìwé náà ti dé ọwọ́ kọ̀míté, màámi ṣì lọ kúnlẹ̀ kí Bàbá Alájì ní àbáwọlé, bó ṣe máa ń ṣe kó tó gbé ẹ̀kọ jáde. Bàbá Alájì ti gbọ́. Ojú rẹ̀ le. Síbẹ̀ ó dáhùn, ó bèèrè ọmọ, ó bèèrè ìyá, ó ní kí ọjà tà. Mo bi màámi léèrè lójú ọ̀nà bóyá ẹ̀rù ló ń bà á. Ó wò mí bí ẹni tó bi í bóyá omi máa ń tutù. Ó ní kò sí ohun tó kan ìkíni nínú ọ̀rọ̀ ilé, pé òun kò bá a jà, òun ń bá a ṣẹjọ́ ni, àti pé kí n gbé ewé mi dáadáa.

Ní ọjọ́ tí wọ́n pè wá, mo wọ aṣọ ilé ìwé mi tí wọ́n lọ̀, nítorí èmi ni mo ń mú Ìyá Àgbà lọ. Ọwọ́ rẹ̀ wà ní èjìká mi. N kò tíì mú un rìn rí, nítorí kò tíì nílò mi rí, ìka rẹ̀ sì rì sínú ara mi ní gbogbo ibi tí ilẹ̀ ti yí padà. Abẹ́ ibòòji kan nínú ọgbà ilé ìwé ni kọ̀míté jókòó sí. Èrò pọ̀, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ńláńlá sórí aṣọ pupa, àyà mi sì ń lù bí ẹni tó fẹ́ kọrin níwájú gómìnà. Ààrẹ kọ̀míté jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n gbé wá láti ìhà òkè, níbi tí wọn kò ti gbọ́ Yorùbá tàbí Ègùn. Faransé ló ń sọ, ògbufọ̀ kan sì dúró tì í. Ó mú iṣẹ́ rẹ̀ ní pàtàkì. Ó ní kí wọ́n fún Ìyá Àgbà ní àga kó tó bèèrè orúkọ ẹnikẹ́ni, n kò sì gbàgbé èyí fún un.

Bàbá Alájì wọlé, ó wọ aṣọ funfun, ọmọ àbúrò rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Bó ṣe jókòó, àwọn òbí mi ṣe ohun tí ara wọn mọ̀ọ́ ṣe. Màámi kúnlẹ̀. Ìyá Sẹ́nà kúnlẹ̀ tẹ̀ lé e, aránṣọ dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi, akọ̀wé ìjọba, nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀, dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú eruku. Bàbá Alájì na ọwọ́ sí wọn, ó dá wọn lóhùn, ó sì gbàdúrà fún wọn díẹ̀. Ààrẹ ti dìde dúró. Ojú rẹ̀ tàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, àwọn èrò bá a pa á, èmi náà pàtẹ́wọ́, nítorí mo rò pé a ti ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ó sọ̀rọ̀ fún akọ̀wé rẹ̀, ẹni yẹn sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ògbufọ̀ yíjú sí wa, ó ní kámárádì ààrẹ kí àwọn ayálégbé kú oríire, pé wọ́n ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ onílé wọn níwájú gbogbo ayé, onílé sì ti dárí jì wọ́n, nítorí náà ẹjọ́ ti parí, kí owó ilé wà bí onílé ṣe sọ ọ́, kí ògiri máa lọ.

Ọwọ́ Ìyá Àgbà tún wá èjìká mi. Lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni bàbá mi ṣàlàyé fún mi pé ní ìlú ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ẹni tó bá kúnlẹ̀ fún ẹni tó ń bá ṣẹjọ́ ti gbà pé òun jẹ̀bi nìyẹn. Ìkíni tiwọn kì í dé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, bàbá mi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dìde pẹ̀lú eruku láyà, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Faransé tó ń sọ lójoojúmọ́ sì kọ̀ fún un pátápátá. Gbogbo ohun tó jáde ni “Kámárádì, kámárádì.” Wọ́n ti ń pe àwọn mìíràn. Ọmọ àbúrò Bàbá Alájì ń rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ láti fa ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ dìde kí wọ́n máa lọ.

Bàbá Alájì kò dìde. Ó pe ògbufọ̀ pẹ̀lú ìka kan.

“Sọ fún un pé wọn ò bẹ̀ mí. Wọ́n kí mi ni.”

Ògbufọ̀ wò ó, ó wo ààrẹ, ó tú u. Ààrẹ ní ṣebí ojú òun ni wọ́n ṣe dojú bolẹ̀.

“Ẹni tó bá jí tó bá rí mi á kí mi,” ni Bàbá Alájì dáhùn. “Lọ́la wọ́n á tún kí mi, bí mo jàre bí mo jẹ̀bi. Mi ò lè gba ohun tí wọn ò fún mi. Kó ka ìwé wọn.”

Ọmọ àbúrò rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí. Bàbá Alájì ní kó jókòó, pé bàbá rẹ̀ ìbá ti gbá a létí nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ààrẹ tún jókòó, ó sì ṣe ohun tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu: ó ní kí akọ̀wé fa ìlà sórí ohun tó kọ, ó ní kí bàbá mi ka ìwé náà. Bàbá mi kà á. Nígbà tó dé ibi ọ̀nà kànga, ààrẹ dá a dúró, ó bi Ìyá Àgbà léèrè bí ẹni tí kò ríran ṣe lè ní ọ̀nà. Ìyá Àgbà ní kó wá wò ó.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe dìde. Bí mo bá ń sọ ọ́ báyìí, ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń fẹ́ sáré. Ààrẹ wà níwájú, Bàbá Alájì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwa lẹ́yìn, èrò lẹ́yìn wa, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń kọ orin tuntun náà láìsí ẹni tó ní kí wọ́n kọ ọ́. Bí a ṣe wọ àgbàlá, Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ kúrò ní èjìká mi. Ó kan ògiri yàrá wa, ó tẹ̀ lé e dé òpin, ó yí ojú. Màámi ti sáré lọ fa okùn kànga kó lè han. Ìyá Àgbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààró Ìyá Sẹ́nà, ó yẹ ara fún gbòǹgbò máńgòrò tí ààrẹ fúnra rẹ̀ fẹsẹ̀ kọ, ó ń lọ tààrà. Ó dúró níwájú ògiri, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e. Ààrẹ náà dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé bíríkì náà bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bó ṣe tutù tó.

Níbẹ̀ ló ti sọ ìdájọ́. Owó ilé padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀. Ògiri kò gbọdọ̀ dí ọ̀nà kànga. Bàbá Alájì bèèrè ibi tí òun yóò kó ọjà òun sí. Ààrẹ ní ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ni, kó má ra ju bó ṣe gbà lọ. Bàbá Alájì gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní ọmọdé ló ń kọ́ òun ní òwò báyìí, ó sì wọlé lọ. Kò bá wa rẹ́rìn-ín fún ọjọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, òun fúnra rẹ̀ ló rán birikìlà wá, bíríkì sì ń bọ́ lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìyá Sẹ́nà sì ń kí ìkọ̀ọ̀kan wọn pé ó dàbọ̀, kámárádì. Nígbà tí ọ̀nà là, Ìyá Àgbà rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀, ó dúró ní àárín rẹ̀, ó ní wọ́n ti fi iyanrìn ba ilẹ̀ òun jẹ́, kí n gbé ọwọ̀ wá. Mo ní kí n bá a gbá a. Ó ní kí n kúrò lójú ọ̀nà òun.

Inú yàrá náà ló kú sí, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó sì fa omi ìwẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Bàbá Alájì wà lára àwọn tó sìn ín dé itẹ́ òkú.

Ohun tó yẹ kí n ti sọ fún ọmọ mi lórí fóònù ni mo ń sọ fún ẹ̀yin náà tí ẹ ń ka èyí: tí ọ̀rọ̀ bá wà láàárín yín àti onílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ẹ má fi èébú kún un, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì máa kí wọn láàárọ̀.